Fèrèsé Ìyá Aláàdín

Ọmọ mi àkọ́bí ń pè mí ní Àǹtí. Títí di òní, tí òun náà ti ní ọmọ tirẹ̀, Àǹtí ló ń pè mí. Ìyá mi tó ti kú ló ń pè ní Ìyá. Àwọn tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ máa ń rò pé àbúrò ìyá rẹ̀ ni mí, n kì í sì í da ara mi láàmú láti tún un ṣe fún wọn mọ́. Àmọ́ ìgbà kan wà tó jẹ́ pé tí mo bá ti gbọ́ Àǹtí yẹn lẹ́nu rẹ̀, oúnjẹ ọjọ́ náà ti bọ́ lẹ́nu mi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, nítorí àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n látìbẹ̀rẹ̀ ti lọ tán, ó ku èmi nìkan.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè nígbà náà. Kò tíì pé ọdún méjì tí a ṣègbéyàwó tí wọ́n fi gbé e kúrò ní Èbúté Mẹ́tta, wọ́n gbé e lọ sí ibùdókọ̀ kékeré kan lókè Ọ̀fà. Ilé òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, àti igi òrí, àti ojú irin. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa rìn lójú irin pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n máa wo ibi tí òjò ti wọ́ ilẹ̀ lọ lábẹ́ irin, kí wọ́n sì tún un ṣe. Èmi ọmọ Mùṣín, tí n kò mọ ju kí ilé kún, kí aládùúgbò máa bá ọ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ọgbà, ni mo wá ń gbé ibi tí mo ti mọ ohùn gbogbo ewúrẹ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń fún ọkọ mi ní páàsì tí mo fi lè wọ ọkọ̀ lọ sílé láìsanwó. Iléyá ni mo máa ń fi sí.

Ibẹ̀ ni mo bí ọmọ náà sí. Ó pé ọdún kan ààbọ̀, ó kọ̀, kò já lẹ́nu ọmú. Mo fi ewúro pa orí ọmú, ó wojú mi bíi pé mo ṣe é ní àlejò, ó lá ewúro náà tán, ó ń mu lọ. Ìyá mi gbọ́, ó ránṣẹ́ pé kí n gbé e wá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn: wọn á gbé ọmọ fún ìyá ìyá rẹ̀, ìyá ọmọ á wá yọ ara rẹ̀ kúrò lójú ọmọ pátápátá. Kò gbọdọ̀ rí ọ, kò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn rẹ. Tó bá fi lè gán-án-ní rẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹ óò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo gbé e dé Mùṣín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ọmọ ṣì ń sùn, ìyá mi fà mí lọ́wọ́ jáde, ó mú mi lọ sí ilé Ìyá Aláàdín. Ilé náà ló kángun sí tiwa. Obìnrin yìí ló ń yọ àdín lára ẹ̀kùrọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ìyá mi ti ń ra èyí tó fi ń se ọṣẹ dúdú tó ń tà. Iyàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní fèrèsé pákó kékeré kan tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé wa gan-an, níbi tí ìkòkò ọṣẹ máa ń wà lórí iná. Inú iyàrá yẹn ni mo wà fún ọjọ́ márùn-ún.

Mo ṣí fèrèsé náà ní ìwọ̀n ìka méjì, mo dúró síbẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Mo rí ọmọ mi tó ń gbé ẹní sókè láti wò ó bóyá abẹ́ rẹ̀ ni mo wà. Mo rí i tó lọ dì mọ́ ẹsẹ̀ obìnrin kan tó wá ra ọṣẹ, nítorí pé ìró obìnrin náà jọ tèmi. Omi ọmú rin bùbá mi gbindin. Gbogbo ìgbà tí Ìyá Aláàdín bá ti ọ̀dọ̀ wọn dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń bi í, mo ní, "Ṣé ó jẹun?" Ní ọjọ́ karùn-ún, mo rí i lẹ́yìn ìyá mi, ó ń rẹ́rìn-ín sí adìẹ. Wọ́n ní ó ti tán, kí n máa lọ sọ́dọ̀ ọkọ mi, oṣù díẹ̀ ni, kí n wá gbé e. Oṣù díẹ̀ wo? Páàsì kò sí. Ó di Iléyá ọdún tó tẹ̀lé e kí n tó tún fojú kan Mùṣín.

Ìgbà yẹn ni mo ṣe àṣìṣe mi. Mo wọlé, ilé kún, àwọn àgbà jókòó. Ọmọ náà jáde láti ẹ̀yìn ìyá mi, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, Àǹtí." Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Bó ṣe ń kí gbogbo obìnrin tó bá ti ìrìnàjò dé nìyẹn. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ sì mọ bó ṣe rí láyé tiwa: ìyá kì í fi àkọ́bí rẹ̀ ṣe fáàrí níwájú àgbà. O kò ní máa pariwo ọmọ mi, ọmọ mi. Tí wọ́n bá tilẹ̀ ní ìwọ lo ni ín, wàá rẹ́rìn-ín músẹ́, wàá wolẹ̀. Ojú tì mí. Mo ní, "Ẹ̀n, ọmọ dáadáa." Mo jẹ́ ẹ. Mo jẹ́ Àǹtí lẹ́ẹ̀kan, ó sì di tèmi.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, mo ní mo fẹ́ mú un lọ. Ó gbọ́, ó wé ara rẹ̀ mọ́ ìró ìyá mi, ó fi ohùn gbogbo ké débi pé àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà yà wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá mi ní, "Fi í sílẹ̀. Yóò tó àkókò." Mo fi í sílẹ̀. Mo sunkún láti Èbúté Mẹ́tta dé Abẹ́òkúta, mo wá bínú láti Abẹ́òkúta dé Òṣogbo. Nínú méjèèjì, ìbínú ló bá mi lára mu jù.

Nígbà tí Iléyá ọdún kẹta fi máa pé, oyún oṣù mẹ́rin ti wà lára mi. Mo sọ fún ọkọ mi pé ọmọ mi ni mo ń torí rẹ̀ lọ sílé lọ́tẹ̀ yìí, n kò torí ẹlòmíràn lọ. Bí n kò bá mú un bọ̀ kí n tó bí àbúrò rẹ̀, mo mọ̀ pé ó tán. Ọmọ ìyá mi ni yóò jẹ́ títí ayé, èmi a máa lọ kí i bí ẹni ń kí aládùúgbò. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Mú un bọ̀. Mo ti kan bẹ́ẹ̀dì kékeré." Lóòótọ́ ló ti kàn án, pákó tó ṣẹ́kù lára ibi iṣẹ́ ló fi ṣe é.

Mo di ẹrù. Èlùbọ́ àti ẹ̀wà fún ìyá mi. Fún ọmọ, mo ra ẹtù aláàyè kan, mo sì fi ọwọ́ ara mi rán aṣọ kan, aṣọ aláwọ̀ ewé tó ní òdòdó pupa wẹ́wẹ́. Ẹtù yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. A dé Ìbàdàn, ó yọ orí jáde nínú apẹ̀rẹ̀, ó sọ akọ̀wé kan tó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun jẹ ní ẹsẹ̀. Akọ̀wé náà ní òun yóò fi ẹjọ́ mi sùn. Mo ní kó lọ fi ẹjọ́ ẹtù sùn, òun ló jẹ ẹ́. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín títí a fi dé Abẹ́òkúta, wọ́n sì fún mi ní dùǹdú jẹ. Inú mi dùn. Mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé mo ń lọ mú ọmọ mi.

A sọ̀ ní Èbúté Mẹ́tta lọ́jọ́ kejì, oòrùn ti mú. Mo gba Yába kọjá, láàárín àwọn ilé tuntun tí ìjọba ń pín ilẹ̀ wọn nígbà náà, tí òpópónà wọn gún gbọọrọ tí igi ibòji kò sì tíì hù. Mo rí ọkọ̀ ẹrù kan tó ń lọ sí Mùṣín, mo wọ̀ ọ́. Òórùn ọṣẹ ìyá mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ilé. Wọ́n wà ní ẹ̀yìnkùlé, àwọn méjèèjì, ìyá mi ń fi orógùn ro ìkòkò, ọmọ ń to ewé tí wọ́n fi ń di ọṣẹ. Ó ti ga. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, Àǹtí."

Mo gbé e mì. Mo fa ẹtù yọ, mo ní òun ni mo rà á fún. Ó wò ó, ó dúpẹ́, ó padà sídìí ewé rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ọmọ lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, mo sọ fún ìyá mi. Mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú o. Mo fẹ́ mú ọmọ mi lọ." Kò dá orógùn dúró. Ó ní, "Mo gbọ́." "Mo gbọ́" yẹn bí mi nínú ju kí ó sọ pé rárá lọ, nítorí rárá, n bá ti mọ ohun tí n óò fi dá a lóhùn, ojú ọ̀nà ni mo ti tò ó sílẹ̀ lẹ́nu.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, ìyá mi kò sí nílé. Ó ku ọjọ́ méjì kí Iléyá pé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń gbé iwájú ilé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ló wá jíṣẹ́ fún mi. Kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ní ara àbúrò Ìyá tó wà ní Yába kò yá, Ìyá ti lọ tọ́jú rẹ̀, ó di ẹ̀yìn ọdún kí ó tó dé.

Mo ní, "Ẹ̀yìn ọdún? Mo gba Yába kọjá lánàá, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ara ẹnikẹ́ni kò yá."

Ó ní, "Bó ṣe rán mi ni mo ṣe jẹ́ ẹ."

Ṣé ẹ rí mi, n kì í ṣe ẹni tó ń pẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún òun, kódà nígbà tí n kò mọ̀ ọ́n. Mo ti dá ẹjọ́ náà tán lójú ẹsẹ̀. Ìyá mi mọ̀ pé ọmọ kò lè ṣe kó má wá òun. Ó fi í sílẹ̀ fún mi kó lè ké mọ́ mi lọ́rùn, kí apá mi má ká a, kí gbogbo àdúgbò rí i pé n kò mọ ọmọ tọ́, kí n fẹnu ara mi sọ pé ó yá, kó máa gbé ibí. Bí mo ṣe ń gbálẹ̀ ni mo ń bá a jà nínú mi. Mo gbá ilẹ̀ náà títí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi ní ó tó, pé eruku ń bọ́ sínú oúnjẹ.

Ọmọ kò tilẹ̀ ké. Ì bá ké ì bá sàn. Ó wá gbogbo inú ilé, ó wá bi mí pé níbo ni Ìyá wà. Mo ní Yába. Ó ní ìgbà wo ló ń bọ̀. Mo ní lẹ́yìn ọdún. Ó lọ jókòó lórí òkúta tí ìyá mi fi ń jókòó nídìí ìkòkò ọṣẹ, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo gbé ẹ̀wà wá, kò jẹ. Mo dín dòdò, ó ní òun ti yó. Kí lo jẹ yó? Nígbà tó di ọ̀sán, sùúrù mi tán. Mo dúró lórí rẹ̀, mo jágbe mọ́ ọn, mo ní, "Ṣé o mọ̀ pé èmi ni mo bí ọ?"

Ó gbójú sókè, ó wò mí. Kò bẹ̀rù mi rárá.

Ó ní, "Mo mọ̀. Ìyá ti sọ fún mi. Ẹ̀yin lẹ bí mi. Ṣùgbọ́n ẹ kì í dúró."

Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń bínú, kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹlòmíràn ní ìbínú tirẹ̀ tó ń dì mú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú eérú, tèmi ti ìró tí mo fọ̀ fún ọdún. Ó ṣe díẹ̀, mo ní, "Páàsì ni. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń fún wa." Ó ní kí ni wọ́n ń pè ní páàsì. Mo yọ ọ́ hàn án, ìwé pélébé. Ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní ṣé ìwé yìí gba èèyàn méjì. Mo ní ó gbà á. Nígbà tí mo fa àwo dòdò náà sọ́dọ̀ ara mi tí mo ń jẹ ẹ́, ó na ọwọ́, ó mú ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí ó wá wọ aṣọ ọdún rẹ̀ wò. Aṣọ náà kò wọ ọ́. Èjìká rẹ̀ kò gbà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò pàdé. Mo fi aṣọ náà lé itan, mo ń wò ó bí òpè. Láti orí mi ni mo ti wọn ọmọ náà, nínú orí mi kò sì tíì dàgbà ju ìgbà tí mo fi í sílẹ̀ níjọ́sí lọ. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Ọmọ náà ní, "Ìyá máa ń fi aṣọ lẹ aṣọ." Mo bá gé etí gèlè mi, gèlè ọdún mi tuntun, mo tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà, mo ń lẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ ríran dáadáa ju tèmi lọ. Òun ló ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́. A jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi yí. Ó ń sọ fún mi irú ènìyàn tí ẹtù náà jẹ́. Wọ́n ti di ọ̀rẹ́, ó ní agídí ni ẹtù yẹn ní, kì í ṣe pé kò gbọ́n. Mo ní mo mọ ẹlòmíràn tó rí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ta ni?" Mo ní kó fi òwú sójú abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ Iléyá, mo gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sí ẹ̀yìnkùlé kí n wẹ̀ ẹ́. Mo bu ọṣẹ lé kànrìnkàn, mo kó o lé e lórí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ fọ̀, kí ara mọ̀ pé omi ń bọ̀. Mo tọrọ gáfárà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Ó ń darí mi: ẹsẹ̀, ẹ̀yìn, ọrùn, orí ló kẹ́yìn. Nígbà tí mo wọ aṣọ náà fún un, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó ní gèlè mi bá a mu.

A lọ sí yídì pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀. Èrò pọ̀ lọ́dún náà. Wọ́n kírun tán, gbogbo èèyàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń gbá wa síwá, wọ́n ń gbá wa sẹ́yìn. Mo ń wá ẹ̀gbọ́n mi kiri nígbà tí mo rí i pé wọ́n ń fa ìró mi nísàlẹ̀. Mo wolẹ̀. Ẹ̀rù ti ba ọmọ náà.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ pọ̀n mí."

Ẹ wò ó, kò bi mí léèrè bóyá mo lè gbé e. Ó kàn ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e pọ̀n, mo so ọ̀já mọ́ ọn. Ọmọ tó ń lọ sí ọdún márùn-ún, tòun ti oyún tó wà níwájú. Obìnrin kan lójú ọ̀nà ní ọmọ yìí ti tó ẹni tí yóò pọn ẹlòmíràn. Mo ní kó máa bá tirẹ̀ lọ, Ọlọ́run yóò jẹ́ kó dé ilé rẹ̀ láyọ̀. N kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà wa. Ẹ̀yìn ń ro mí, inú mi sì ń dùn débi pé ẹ̀rín ń pa mí níbi tí n kò ti rí ohun ẹ̀rín.

Ẹ̀gbọ́n mi pa àgbò. Wọ́n gé e, wọ́n pín in bí wọ́n ṣe máa ń pín in, wọ́n wá bu ti Ìyá Aláàdín sínú àwo, wọ́n ní kí n gbé e lọ fún un. Mo dé ilé rẹ̀, mo kí wọn kú ọdún, kò sẹ́ni tó dáhùn níwájú. Mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn iyàrá ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Mo tì í sínú.

Ìyá mi ló dúró sójú fèrèsé, ó ti ṣí i ní ìwọ̀n ìka méjì. Kò yíjú. Ó rò pé Ìyá Aláàdín ló wọlé.

Ó ní, "Ṣé ó jẹun?"

Mo gbé àwo ẹran kalẹ̀. Mo ní, "Ìyá." Ó yípadà. Ó fi ìka lé ètè, ó ní kí n má pariwo, pé ọmọ wà lẹ́yìnkùlé.

"Ẹ ò lọ sí Yába?"

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Yába? Ara àbúrò mi le ju tìẹ lọ."

"Láti ìjẹta lẹ ti wà níbí?"

"Láti ìjẹta. Iyàrá yìí móoru. N kò mọ̀ pé ó móoru tó báyìí nígbà tí mo fi ọ́ sínú rẹ̀."

Mo jókòó sórí ẹní rẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi, mo ti ń bú u láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní òun mọ̀, òun ń rí bí mo ṣe ń gbálẹ̀. Ó ní, "Ojú rẹ kì í bo nǹkan kan mọ́ra. Bí o bá mọ̀ ni, ọmọ á ti kà á lójú rẹ. Ó sàn kí o máa bínú sí mi ju kí o máa sunkún níwájú rẹ̀ lọ." Ó tún fojú sí fèrèsé. "Wọn kò já ọmọ lẹ́nu ọmú lónìí kí wọ́n tún máa yọjú sí i lọ́la. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ló di ọmú rẹ̀ báyìí."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Mo lè fi í sílẹ̀ di ọdún mìíràn." Ẹ gbọ́, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, èmi tí mo bá ọkọ mi búra. Ìyá mi wò mí bíi pé mo ti ya wèrè.

Ó ní, "Fún kí ni? Ó ní kí o pọn òun tàbí kò ní bẹ́ẹ̀? Mo rí yín bí ẹ ṣe ń bọ̀. Mo rí aṣọ rẹ̀ náà. Ta ló lẹ gèlè mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́?"

"Èmi ni."

"Ó gún. Ṣùgbọ́n má tún kọ́kọ́ kó ọṣẹ lé e lórí mọ́."

A rẹ́rìn-ín sínú, àwa méjèèjì, a fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ni a sunkún, kò pẹ́. Ó jẹ lára ẹran tí mo gbé wá fún Ìyá Aláàdín, ó bi mí ẹni tó gba itan, ó ní wọ́n tún ti pín in ní ìpínkúpìn-ín. Ó gbé ọṣẹ mẹ́fà tó ti fi ewé dì fún mi pé kí n máa fi wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo padà délé, ọmọ bi mí ohun tó mú kí ojú mi pọ́n. Mo ní èéfín ni. Ó ní èéfín ibẹ̀ máa ń ṣe Ìyá náà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ọdún ni a lọ. Mo sọ fún ọmọ láti ilé pé a ń wọ ọkọ̀ lọ bá bàbá rẹ̀. Ó rò ó. Ó ní, "Ṣé ọkọ̀ yẹn máa ń padà wá?"

"Ojoojúmọ́ ló ń padà wá."

"Tí Iléyá bá dé ńkọ́?"

"A óò wọ̀ ọ́ wá bá Ìyá."

"Ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà."

Ó ní ó dáa, pé ẹtù ńkọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹtù yẹn ṣe tún wọ ọkọ̀ padà sí òkè. A sì wá lóòótọ́. Iléyá tó tẹ̀lé e, àwa mẹ́ta ni a dé, àbúrò rẹ̀ wà lẹ́yìn mi. Ìyá mi dúró sí ojú títì, ó na apá, ọmọ náà sáré bá a, mo dúró sẹ́yìn títí wọ́n fi kí ara wọn tó. Lẹ́yìn ọdún náà, ó bá mi padà láìsunkún. Láti ìgbà náà ni Àǹtí kò ti dùn mí mọ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú un lọ yẹn, ní ibùdókọ̀ Èbúté Mẹ́tta, ọmọ ti sùn lọ lẹ́yìn mi. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹrù kalẹ̀, ó lọ bèèrè ibi tí a óò jókòó sí. Mo ń wo àwọn èrò. Ní ìkangun, lẹ́yìn àwọn àpò èpà tí wọ́n tò jọ, mo rí obìnrin kan tó fi ìborùn bo orí dé ojú. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀, ọwọ́ tí eérú àti ọṣẹ ti pa dúdú láti kékeré mi. Ó ti fi ẹsẹ̀ rìn láti Mùṣín. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Ó mi orí fún mi, díẹ̀ báyìí. Ó ń na ọrùn. Láti ibi tó dúró sí, ojú mi nìkan ló lè rí, kò rí ti ọmọ tó wà lẹ́yìn mi.

N kò kẹ̀yìn sí ìyá mi rí láyé mi. Lọ́jọ́ náà, mo rọra yí ẹ̀yìn sí i, mo fa ọ̀já wálẹ̀ díẹ̀ kúrò létí ọmọ, mo dúró bẹ́ẹ̀ kí ó lè rí ojú rẹ̀ dáadáa. N kò mira títí wọ́n fi ní kí a wọlé.